Ìwé Ìyá Bùkọ́lá Lábẹ́ Jáàkì Gààrí

Èmi kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Gbogbo Èrúwà ló mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ lo jáàkì tí mo fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ yóò kọ́kọ́ sanwó. Nígbà tí aládùúgbò mi, Ìyá Bùkọ́lá, olùkọ́ àgbà ní yunifásítì, wá lọ́dún 1989 pé òun fẹ́ fi tẹ àwọn ìwé kan kí gọ́ọ̀mù wọn lè mú, owó ni mo dárúkọ.

Ìwé ìwádìí nípa àrùn ẹ̀gẹ́ ni. Òun àtàwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e jáde lọ́dọọdún. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé òkèèrè kan sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ tà á, kí ẹ sinmi."

"Bàbá Mùínàt, iye tí wọ́n máa tà á padà fún wa, ilé ìkàwé wa ò ní lè rà á."

Ní Sátidé, àwọn ọ̀mọ̀wé dé láti Ìbàdàn àti Ìlọrin. Wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n ń yí tábìlì po, wọ́n ń to ojú ìwé jọ. Mo bi ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti hewú pé èló ni wọ́n ń san fún un.

"Kò sí, Bàbá. Mo ń bá wọn yẹ iṣẹ́ wọn wò, àwọn náà ń yẹ tèmi wò."

"Àáró nìyẹn."

"Àáró gan-an ni."

Àáró oko ni mo mọ̀. N kò mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣe é. Ẹnu yà mí. Èmi fúnra mi ni mo yí jáàkì náà títí di ìrọ̀lẹ́, n kò sì bèèrè kọ́bọ̀.

Gọ́ọ̀mù ìwé náà mú dáadáa, àmọ́ ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́.

"Kò burú," ni Ìyá Bùkọ́lá wí, "ìwé ẹ̀gẹ́ ṣáà ni."