Ohun Tí Mo Sọ Nípa Ẹbí Kí Àǹtí Tó Wọlé

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù Kejì, ní yàrá kékeré kan nínú ilé-ìkàwé, tó ń rùn fún kọfí àti ẹ̀wù òtútù tí yìnyín ti rin gbingbin. Àwa mẹ́jọ la jókòó yí tábìlì ká, èmi nìkan sì ni Yorùbá. Ìwé kọ́míìkì la máa ń kà níbẹ̀, èyí tó dá lórí àwọn akọni alágbára tó ń jà pọ̀ bí ẹgbẹ́. Olùdarí wa bi wá pé kí ló ń jẹ́ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ dà bí ẹbí lójú ẹni tó ń kà á.

Mo ti ń wá iṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì, olùdarí wa yìí sì ti ṣèlérí pé òun á bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀gá òun níbi iṣẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dùn. Mo ní kì í ṣe ìjà ló ń sọ wọ́n di ẹbí. Àwọn ojú ìwé tí ìjà ti parí ni, tí ẹnì kan ń di ọgbẹ́ ẹnì kejì, tí wọ́n ń bú ara wọn nítorí ẹran tó kù nínú abọ́, tí ẹni tó bínú jáde lánàá sì bá oúnjẹ rẹ̀ tí wọ́n dé dè é. Gbogbo wọn mi orí pé òótọ́ ni. Inú mi dùn débi pé etí mi ń gbóná.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí, Àǹtí sì wọlé. Èmi àti wọn la jọ háyà básímẹ́ǹtì kan ní Malton, ní Kánádà níbí, yàrá kan ẹnì kan. Wọ́n tó bí mi, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù tí mo kó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n pe ìyá mi lórí fóònù láti béèrè oríkì mi, láti ìgbà náà ni wọn ò ti pè mí ní nǹkan mìíràn. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì méjì, wọ́n gbé kúlà mọ́ínmọ́ín dání.

"Àjàní, o ò jẹun kó o tó jáde," ohùn wọn gba gbogbo yàrá. "O tún gbàgbé ìbọ̀wọ́. Ṣé kí n wá máa fi ṣíbí fún ẹ lóúnjẹ bí àwọn arúgbó mi ni?"

Olùdarí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì bóyá ìyá mi nìyẹn. Ojú tì mí nítorí aṣọ iṣẹ́ náà, nítorí kúlà, nítorí ohùn tó ga. Ojú sì tún tì mí pé ojú ń tì mí.

"Rárá o," ni mo wí. "A kàn jọ ń gbé ilé kan náà ni."

Àǹtí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ. Wọ́n gbé kúlà sórí tábìlì, wọ́n kí gbogbo ilé, wọ́n jáde. Àwọn ẹgbẹ́ mi jẹ mọ́ínmọ́ín náà, wọ́n ń yìn ín. Èmi ò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí mo délé, mo fẹ́ tọrọ àforíjì, àmọ́ àlàyé ni mo ń ṣe: iṣẹ́ tí mò ń wá, àyà mi tó ń já. Àǹtí ń lọ aṣọ, wọ́n gbọ́ mi tán.

"Kò burú," ni wọ́n wí. Wọ́n wá fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì mi pè mí, èyí tí mo kọ sára àpótí lẹ́tà, wọ́n ní kí n rántí kó ìdọ̀tí síta.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn ò bá mi jà rárá. Tí wọ́n bá jágbe mọ́ mi ni, ara ì bá tù mí, torí ọmọ ẹni là ń jágbe mọ́. Mo wá mọ̀ pé inú ìwé kọ́ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọ́ náà; Àǹtí ló ń dé oúnjẹ dè mí. Ìṣe wọn ni mo fi gbayì lójú àwọn àjèjì, kí n tó sẹ́ wọn níwájú àwọn àjèjì kan náà.

Wọ́n ti rí yàrá sí Port Credit, ní apá kejì ìlú wa, ìparí oṣù yìí ni wọ́n ń kó lọ. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkọ̀kọ̀ ni mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ bá mi dá sí i: ṣé kí n bẹ̀ wọ́n nílé, ká parí ẹ̀ láàárín ara wa, àbí kí n kọ́kọ́ padà lọ sọ fún àwọn méje yẹn ẹni tí obìnrin náà jẹ́ sí mi?