Ẹtù Tí Ẹ̀rọ Kà sí Ìdọ̀tí

"Ta ló sọ aṣọ bàbá mi di dúdú kirikiri?"

Ohùn Alhaji Sùlè ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè náà kí n tó rí ojú rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa ní Riviera, ó gbá àpò ọ̀rá kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mẹ́gáàdì wa, ọmọ Jùlá, ń bẹ̀ ẹ́ pé "Kọ̀rọ̀, pardon," bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lédè wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò gbọ́.

Mo mọ Alhaji dáadáa. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, aṣọ ló ń tà ní Adjamé, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ìdí nìyẹn tí a fi pè é lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú, pé kó wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí ètò oníwákàtí kan tí a ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwa Yorùbá tó wà ní Abidjan.

"Alhaji, ẹ káàárọ̀. Kí ló dé?"

"Làmídì, má kí mi. Bàbá mi kò gbé fóònù mi mọ́."

Ó tú àpò ọ̀rá náà, ó fa agbádá tó wọ̀ wá sórí ètò wa yọ. Ẹtù ni. Ẹni tí kò bá mọ ẹtù, òfì ni, tí wọ́n fi aró pa títí ó fi dúdú bí ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, tí ìlà funfun tín-ín-rín sì ń sáré lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá Alhaji ló hun ún pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Oṣù márùn-ún gbáko ló fi wà lórí aṣọ yẹn, nígbà tó sì parí rẹ̀ ó ní ọwọ́ òun kò lè sáré mọ́, òun kò tún ní jókòó sídìí òfì. Sùlè ló fún.

Alhaji kan náà ló ra tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ sí bàbá, tó ní kí wọ́n ri àwo sátẹ́láìtì mọ́ òrùlé, kí bàbá lè máa wò wá láti Ìsẹ́yìn. Bàbá sì wò wá lọ́jọ́ Àìkú náà, òun àti aládùúgbò. Ọmọ rẹ̀ ló rí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wọ agbádá dúdú lásán tí kò ní ìlà kankan lára, bí aṣọ tí wọ́n fi ń bo mọ́tò.

"Ó ní mo ti ta aṣọ òun," ni Alhaji wí. "Ó ní mo tà á fún òyìnbó, mo lọ ra dúdú ọjà wọ̀. Ó ní ẹni tó ta aṣọ bàbá rẹ̀ lójú ayé bàbá, kò ní pẹ́ ta ilé bàbá."

"Ẹ kò fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i?"

"Mo fi ránṣẹ́ sí fóònù àbúrò mi. Ó ní fọ́tò kò ní ọjọ́ lára, ta ló mọ ìgbà tí mo yà á?"

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ohun tí iṣẹ́ mi jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí òógùn fi bò mí níbi tí mo dúró sí. Àwòrán tí kámẹ́rà yà tóbi. Bí a bá ní ká jù ú sókè sí sátẹ́láìtì bó ṣe wà, kò sí ojú ọ̀nà tó lè gbà á. A ní láti dì í. Bàbá tèmi, kí Ọlọ́run forí jì í, ẹrù ló ń dì ní Adjamé. Yóò gun orí bálì aṣọ, yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí atẹ́gùn yóò fi tán nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni mò ń fi ẹ̀rọ ṣe fún àwòrán. Ìyàtọ̀ kan ló wà. Bí wọ́n bá tú bálì bàbá mi ní Bouaké, gbogbo aṣọ ni yóò jáde pé. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti tẹ àwòrán mọ́lẹ̀, nǹkan kan a jáde lọ nínú rẹ̀ tí kò ní padà mọ́ láé. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà ni kéèyàn mọ ohun tí yóò jẹ́ kó lọ.

Tonton Kofi, "tonton" bí wọ́n ṣe ń pe àgbà níbí, ló kọ́ mi. Ọ̀gá wa ni títí di òní, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí gíláàsì rẹ̀ kì í kúrò ní ṣóńṣó imú. Ọdún kìíní tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti sọ fún mi pé, "Làmídì, ohun tí ojú kò ní wá ni kí o mú kúrò." Ó ní ògiri tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ máa ń rán an lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn náà yóò kàn máa sọ pé ògiri ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó bá ń mira ló ń gba àyè: omi, iná, ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́, àwọn èrò tó ń fò sókè. Bí àyè kò bá tó, ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé nǹkan kúrò fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ti máa ń rí i tí ojú ènìyàn ń pín sí igun mẹ́rin mẹ́rin bíi ṣúgà inú páálí.

Àyè tiwa kò sì tó rí. Ìkànnì méje ló ń pín ojú ọ̀nà kan lọ sókè, bí èrò inú ọkọ̀ gbákà tó ń bọ̀ láti Abobo. Kálukú jókòó jẹ́jẹ́. Àfi kí ẹnì kan wọlé pẹ̀lú agbọ̀n ọ̀pẹ̀ òyìnbó mẹ́ta, ẹni tó tín-ín-rín jù ni wọn yóò fún mọ́ fèrèsé. Ìkànnì bọ́ọ̀lù ni alágbọ̀n yẹn. Àwa la wà lẹ́bàá fèrèsé.

Mo mú Alhaji wọ yàrá iṣẹ́ mi. Mo kọ́kọ́ fi ohun tí kámẹ́rà yà hàn án. Ìlà ẹtù wà níbẹ̀, kedere, ẹ lè kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá fi ohun tó lọ sí sátẹ́láìtì hàn án. Dúdú.

Alhaji gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ àwòrán náà. "Aṣọ kò jẹ̀bi."

"Rárá."

"Kámẹ́rà kò jẹ̀bi."

"Rárá o."

"Ta ló wá jẹ̀bi?"

Mo lè ní ẹ̀rọ ni. Ta ni yóò bi ẹ̀rọ? Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo rántí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti dín ẹrù wa kù, mo tan ohun kan nínú ẹ̀rọ tó máa ń nu àwòrán kó tó dì í. Ó máa ń pa àwọn pàǹtí wínníwínní tó máa ń hàn nínú òkùnkùn àwòrán rẹ́. Ó dé orí ẹtù, ó rí ìlà wẹ́wẹ́ nínú dúdú, ó ní ìdọ̀tí nìyí, ó nù ún nù. Iṣẹ́ oṣù márùn-ún àgbàlagbà, ẹ̀rọ mi kà á sí ìdọ̀tí.

"Èmi ni, Alhaji. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ó wò mí títí. "O ṣeun tí o kò purọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún bàbá."

Fóònù mi ni a fi pè, torí bàbá kò mọ nọ́ńbà rẹ̀; mo ṣí i kí Alhaji náà lè gbọ́.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Làmídì ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni mò ń ṣiṣẹ́ ní tẹlifíṣọ̀n tí ẹ wò lánàá."

"Ẹ ǹ lẹ́ o. Ṣé ìwọ lo ra aṣọ náà ni?"

Alhaji fi ọwọ́ bojú.

"Rárá, Bàbá. Aṣọ ń bẹ níhìn-ín. Ẹ̀rọ mi ló jẹ ìlà ara rẹ̀."

"Ẹ̀rọ jẹ ìlà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó jẹ ìlà aṣọ, kò jẹ irùngbọ̀n Sùlè? Mo rí ewú inú irùngbọ̀n rẹ̀ dáadáa."

Ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé nípa iṣẹ́ wa kò ní béèrè irú ìbéèrè yẹn. Mo ṣàlàyé pé ojú ènìyàn ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ láti dáàbò bò, pé ó mọ ojú, kò mọ aṣọ. Bàbá rẹ́rìn-ín kékeré, ẹ̀rín tí kò dé inú.

"Òfì laṣọ àgbà, ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ọ́n kì í ṣe àgbà. Gbọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú ni mo fi rí i, ojú náà ni n ó fi rí i padà. Kí Sùlè wọ̀ ọ́, kó jókòó síbi tó jókòó sí. Bí mo bá rí ìlà mi, ọ̀rọ̀ tán. Bí n kò bá rí i, kó má pè mí ní bàbá mọ́."

Ó pa fóònù.

Bí mo ṣe pa ohun tó ń nu àwòrán, ẹrù wa tún wúwo sí i, ni mo bá lọ bá Tonton Kofi pé kó gba àyè díẹ̀ fún mi lọ́wọ́ ìkànnì bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú, torí wákàtí wa àti ti bọ́ọ̀lù ló bọ́ sí ara wọn. Ó yọ gíláàsì. Ó ní, "O fẹ́ kí gbogbo Abobo wá ká wa mọ́lé?" Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó gbà mí là: "Bí àyè kò bá pọ̀ sí i, dín ẹrù kù. Kí lẹ kó sínú àwòrán yín ná?"

Mo padà lọ wo àwòrán wa. Ẹ̀yin ará mi, òkun ni! Ràmátù, ọmọ tí wọ́n bí sí Treichville tó ń darí ètò náà, ló ní kí a máa fi fídíò òkun Gonzagueville hàn lẹ́yìn òun, kí ìgbì máa ru bọ̀ kó máa ru lọ. Ó lẹ́wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń gba àyè tó ìgbì òkun, torí kò sí èyí tó jọ èkejì rẹ̀. Òkun ló ń yó, aṣọ ló ń pebi.

"Ah non, Tonton Làmídì!" Ràmátù pariwo. "Océan mi? Gbogbo copines, gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló fẹ́ràn ẹ̀!"

"Òkun rẹ ló jẹ aṣọ Alhaji."

"Òkun ń jẹ aṣọ? Ah bon? Láti ọjọ́ wo?"

Nígbà tí Alhaji fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ bàbá fún un, ó pa òkun náà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ògiri lásán ló kù. A kó òdòdó ike tí atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù ń mì kúrò. Ràmátù tú gèlè rẹ̀ tó ń dán yinrinyinrin, ó wé èyí tí kò dán. Mo gbé iná wá sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìlà lè yọ, a sì fa kámẹ́rà mọ́ra. Ohun tó ń nu àwòrán ńkọ́? Mo ti pa á láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń mira.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má juwọ́."

"Kí ni mo máa wá fi sọ̀rọ̀?"

"Ẹnu."

"Ẹnu nìkan? Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé rédíò ni mí?"

Ó fi ìdí jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fá lórí.

Ọjọ́ Àìkú pé. Nínú yàrá mi, mo ní ojú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi àyè tí ìkànnì kọ̀ọ̀kan rí gbà hàn mí. Tiwa kéré, ṣùgbọ́n ìlà ẹtù dúró ṣinṣin. Mo ń dúpẹ́ nínú mi ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n ní ìkànnì bọ́ọ̀lù. Gbogbo pápá dìde, wọ́n ń fò, wọ́n ń ju asíá. Àyè tiwa já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà èjìká Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń di ṣúgà. Mo dìde, mo ká ọwọ́ lérí.

Àkókò yẹn gan-an ni Ràmátù bi í nípa bàbá rẹ̀. Alhaji kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó kọjú sí kámẹ́rà. "Bàbá," ló sọ, "èmi nìyí." Ó sì dákẹ́. Kò mira, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ràmátù náà, kí Ọlọ́run bù kún un, kò já a lẹ́nu. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ̀rọ kò ní ẹrù tuntun kankan láti gbé, ló bá ráyè padà sídìí ohun tó ti jù sílẹ̀. Ìlà kan yọ. Òmíràn yọ. Wọ́n ń jáde láti èjìká sọ̀kalẹ̀ sí àyà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hun ún lójú mi.

Ètò parí. Fóònù kò dún. Alhaji jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀, a dúró yí i ká. Tonton Kofi pàápàá sọ̀kalẹ̀ wá. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, fóònù dún. Alhaji ṣí i kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Sùlè."

"Bàbá mi."

"Wo apá òsì rẹ. Lábẹ́ èjìká. Ka ìlà mẹ́ta."

Gbogbo wa tẹ̀ síwájú.

"Òwú tán mọ́ mi lọ́wọ́ níbẹ̀," ni bàbá wí. "Èyí tí mo fi parí rẹ̀ kò funfun tó ti tẹ́lẹ̀. Mo ní ta ni yóò rí i láyé?"

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìlà kẹta bẹ̀rẹ̀ ní funfun, ó wá dé ibì kan, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀. Alhaji kò rí i rí. Télọ̀ kò rí i. Èmi tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko tẹjú mọ́ aṣọ náà kò rí i.

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ṣé mo ní kó má sí? Èmi àti gbogbo àdúgbò la jọ rí i. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn dà? Ẹ̀rọ tó fọ́jú lọ́jọ́ kìíní, ó wá lọ fún un ní ojú àwòjù! Kò bo àgbà láṣìírí rárá."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Tonton Kofi. Ó rẹ́rìn-ín títí gíláàsì rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. "Ohun tí ojú kò ní wá," ló wí, ó ń nu omi ojú. "Làmídì, n kò sọ fún ẹ rí pé ojú ta ni."

Bàbá ṣì wà lórí fóònù. "Sùlè, má wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Gbé e wá kí n tún ibẹ̀ ṣe. Má fi rán onímọ́tò, má fi rán ẹnikẹ́ni. Ìwọ gan-an ni kó o gbé e wá."

Alhaji ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọjọ́ wo ni kí n máa bọ̀, Bàbá?"

"Kí lo ṣì jókòó ṣe ní Abidjan?"