Ọ̀gá Faransé àti Àdúrà Ààfáà

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé eré lásán ni kẹ̀kẹ́ tí mo gùn kí n tó di tíṣà. Rárá o, iṣẹ́ ni. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta kẹ̀kẹ́ ní Kaduna ló gba àwa mẹ́ta, ọmọ Ìlọrin ni gbogbo wa, pé kí a máa wọ ẹ̀wù wọn díje, kí ará ìlú lè rí bí kẹ̀kẹ́ wọn ṣe ń fò.

Ará Faransé ni ọ̀gá wa, irun rẹ̀ ti funfun báláú. Ìdíje ojú ọ̀nà ni iṣẹ́ rẹ̀ nígbà èwe. Láyé ìgbà náà, àwọn tó ń díje a máa gbé táyà kọ́ èjìká, nítorí ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò gba ipò kìíní rí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó padà sílùú rẹ̀, ó ní òun yóò bá wa díje láti Zaria wá sí Kaduna. Ó fi Hausa kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá dẹ ẹsẹ̀ fún òun, òun kò ní dárí jì í.

Ọ̀gá ti kù sẹ́yìn pátápátá nígbà tí a dé Kawo, lẹ́nu ìlú Kaduna. Ta ni a rí lẹ́bàá ọ̀nà? Ààfáà tó kọ́ wa ní kéwú. Ta ló máa wà lórí kẹ̀kẹ́ kí Ààfáà? A bọ́ sílẹ̀, a lóṣòó sínú erùpẹ̀, kẹ̀kẹ́ ń gorí kẹ̀kẹ́. Àwọn Hausa tí a jọ ń díje, tó tẹ̀ lé wa, náà lóṣòó. Inú Ààfáà dùn, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Àdúrà ti dé orí àwọn òkú ìdílé wa kí Ọ̀gá tó yọ. Ó rí wa nílẹ̀, ó fura, ó dúró. Ààfáà la ojú kan.

"Ta nìyẹn?"

"Ọ̀gá wa ni, Ààfáà."

"Ṣé ó jù yín lọ?"

"Ó tó bí wa lọ́mọ."

"Kí ló wá ń dúró ṣe? Àgbà ló yẹ kó ṣíwájú."

Ó fi Hausa ní kí Ọ̀gá máa lọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí a ti ṣe àmín tó kẹ́yìn, a gbéra bí ọfà. Mo lé Ọ̀gá títí táyà iwájú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tẹ̀yìn tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ dé. Ó ṣubú sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Ṣé o dẹ ẹsẹ̀ fún mi?"

"Ọ̀gá, ìfun mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já."

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá ní ńṣe ni a fi ipò kìíní fún un, mo máa ń tún un ṣe fún wọn: a kò fún un ní nǹkan kan. Ó gbà á lọ́wọ́ wa. Àdúrà ló kàn pẹ́.