Òkè Tí Bàbá Mi Wà

Ní Savalou tí mò ń gbé báyìí, obìnrin kan máa ń kiri àkàrà kọjá lábẹ́ fèrèsé mi, á máa polówó lédè Mahi. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, òkè ẹ̀yìn Koko, abúlé wa, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Kò sí rẹ́sò níbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àfi kéèyàn gun òkè yẹn kó tó lè fi fóònù sọ̀rọ̀. Ìyá mi ti sọ fún mi pé òkè òkun ni bàbá mi wà. Òkè kan ṣoṣo ni mo mọ̀, ni mo bá gbé iṣu sísun dání fún un lọ́jọ́ tí èmi àti ìyá mi gùn ún lọ pè é. Àpáta jó mi lẹ́sẹ̀, koríko gbígbẹ gún mi lójúgun.

Nígbà tá a dé ṣóńṣó, ìyá mi gbé fóònù sí mi létí.

Bàbá mi ní, "Òtútù ibí yìí mà pọ̀ o."

Mo wá a títí lẹ́yìn àwọn òkúta. Mo sì ń gbọ́ obìnrin kan tó ń polówó àkàrà lédè Mahi lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Màmá, ṣé àwọn Mahi wà lókè òkun ni?"

Ìyá mi gba fóònù, ó pa á, ó kọjú sí ọ̀nà Savalou.

Ilé tí bàbá mi ń gbé nígbà náà kò jìnnà sí fèrèsé mi yìí.

"Bu iṣu yẹn sí méjì ká jẹ ẹ́," ìyá mi wí. "Bàbá ẹ ti jẹun ní tiẹ̀."