Ọjọ́ Tí Àdúgbò Wo Pálọ̀ Aránṣọ

Kò sí ẹni tó mọ inú ilé ẹlòmíràn tó aránṣọ, nítorí ẹni tó bá ti na apá rẹ̀ méjèèjì fún téépù kò ní ohun tó máa fi bo ẹnu mọ́. Bí aránṣọ yìí bá ti ń wọn ejìká oníbàárà báyìí, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: ọkọ tí kì í tètè wálé, ìyá ọkọ tó ń ka ẹran inú ìkòkò, ọmọ tí kò gbọ́ràn. Aránṣọ, tó ti há abẹ́rẹ́ sáàárín ètè, á mi orí, á ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà máa sùn. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan lẹ́nu rẹ̀ rí. Àwọn obìnrin àdúgbò gbà pé kànga ni inú rẹ̀: ohun tó bá já síbẹ̀, ó di ìgbàgbé.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé òun náà ní tirẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ti bá bàbá rẹ̀ jà, tó sì kó jáde nílé, ọkọ rẹ̀ gbà pé ẹ̀yìn ọmọ ló wà. Kò lù ú, kò bú u. Ó kàn dẹ́kun bíbá a sọ̀rọ̀ ni. Bó bá fẹ́ sọ nǹkan, ògiri ló ń sọ ọ́ fún: "Ẹni tó bá ń wá kọ́kọ́rọ́, ó wà lójú fèrèsé." Òun náà á kọjú sí ògiri kejì: "Ẹni tí ebi bá ń pa, oúnjẹ ti délẹ̀." Iṣẹ́ títún fíríìjì ṣe ni ọkọ ń ṣe. Àwọn tó bá rí i tójú rẹ̀ le a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ti tún gbé òtútù ibi iṣẹ́ bọ̀ wálé. Aránṣọ a máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fẹ́ ṣe fíìmù, kò sì sí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Fíìmù náà dá lórí àwọn ìdílé tó ń gbé lẹ́yìn ìlú, níbi tí gbogbo ilé ti jọra, tí wọ́n kun ọgbà lọ́dà, àmọ́ tí iná ń jó lábẹ́ ẹní. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní pálọ̀ yín." Aránṣọ yá a ní pálọ̀, ó yá a ní àga, ó tún fi àwọn aṣọ tó ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù rán èyí tí àwọn òṣèré wọ̀. Ọmọ náà ń sùn lọ́dọ̀ wọn títí iṣẹ́ fi parí. Aránṣọ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù, nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ kò yé dún ní yàrá kejì. Nígbà tí kò sí ilé sinimá tó gbà wọ́n, gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni wọ́n ti fi han àdúgbò ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, lára aṣọ ìbùsùn funfun méjì tí aránṣọ gán pọ̀.

Ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wo àga Àǹtí Aránṣọ!"

"Àga ti di òṣèré! Bí a bá tún débẹ̀, ìdúró la ó máa wà."

Oníbúrẹ́dì, tí ohùn rẹ̀ kì í gbé abẹ́ òrùlé kan, ní òun fẹ́ bá àga náà ya fọ́tò. Aránṣọ jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ń wo ibi tó ti gán aṣọ pọ̀, tó ń la iwájú orí àwọn òṣèré sí méjì. Ó ń kábàámọ̀ pé òun kò lọ̀ ọ́ dáadáa.

Ìgbà náà ni ọkùnrin inú fíìmù wọlé, ó bọ́ bàtà, ó kọjú sí ògiri. "Ẹni tó gbé ìwé ìròyìn mi, kó dá a padà síbi tó ti mú un." Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí fèrèsé. "Ẹni tó bá lójú á rí i lábẹ́ àga."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín náà ṣe dá wáí bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n tì pa. Aránṣọ kò lè wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ òun bá gbà pé òun lòun gbé ọ̀rọ̀ ilé jáde, ìwọ̀nba tó ń bá ògiri sọ pàápàá á tán.

Àmọ́ ẹ̀yìn ni ohùn àkọ́kọ́ ti wá. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ ni.

"Àǹtí Aránṣọ, ẹ ò ṣe dáadáa o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ nígbà tí ẹ ń wọn ìbàdí mi, òun lẹ lọ fi ṣe fíìmù?"

"Ìbàdí tìẹ kẹ̀?" Oníbúrẹ́dì ti dìde. "Ilé tèmi nìyẹn! Ọkọ mi ló máa ń wá ìwé ìròyìn kiri."

"Ọkọ rẹ tí kò mọ̀wé kà?"

"Àwòrán ló ń wò níbẹ̀! Ó kàn ọ́?"

Ọmọ tó ṣe fíìmù dá ẹ̀rọ tó fi ń gbé e hàn dúró. Ìyàwó tíṣà, tí ẹnikẹ́ni kì í gbóhùn rẹ̀ ní gbangba, wá sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Èmi náà sọ fún un." Èyí ló dun aránṣọ jù.

Ó fẹ́ sọ pé òun kò sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi í pé ilé ta wá ni, ohun tó sì máa fi dáhùn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Àga kan ké. Ọkọ rẹ̀ ti dìde. Àṣà ti wọ̀ ọ́ lára, ògiri ló kọ́kọ́ kọjú sí. "Ẹni tó bá..." Ó dúró. Ó yíjú sí àwọn èèyàn.

"Ilé mi ni. Èmi ni mo ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ọmọ yìí gbé lọ́dọ̀ wa, etí ara rẹ̀ ló fi gbọ́. Ìyàwó mi ò ro ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi í sílẹ̀."

Ọmọ náà rọra jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ má bínú. Kì í ṣe ilé yín. Bàbá mi àti màmá mi ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni, sà."

Oníbúrẹ́dì pàtẹ́wọ́. "Yéè! Bàbá ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀!"

Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ wó òrùlé. Nọ́ọ̀sì gan-an rẹ́rìn-ín títí, ó na ọwọ́ wá láti ẹ̀yìn, ó gbé e lé aránṣọ léjìká, kò sì tètè gbé e kúrò. "Ẹ má bínú, Àǹtí," ló ń sọ. Ọkọ aránṣọ jókòó padà, òógùn bo imú rẹ̀. Nígbà tí fíìmù tún bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀fẹ̀ àga mọ́. Níbi tí obìnrin inú fíìmù ti kàn ń fọ ife kan ṣoṣo, tí nǹkan mìíràn kò ṣẹlẹ̀, ìyàwó tíṣà fi ìborí rẹ̀ nu ojú.

Oòrùn kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde. Iwájú ni ọkọ máa ń wà bí wọ́n bá ń rìn, lọ́jọ́ yìí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ò bá ti dákẹ́," ni aránṣọ sọ.

"Kí wọ́n máa pè ọ́ ní olófòófó?"

"Wọ́n á máa pe ẹ̀yin náà ní Bàbá Ògiri láti òní lọ."

Ó rẹ́rìn-ín nímú. Wọ́n rìn díẹ̀ sí i. Ó wá wò ó lójú.

"Níbo ló ń gbé?"

Aránṣọ mọ̀ pé ibi tí ọmọkùnrin àwọn wà ló ń bèèrè. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá dáhùn, ọkọ òun á mọ̀ pé òun kò yé lọ síbẹ̀.

"Lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, lókè ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò. Mo máa ń lọ kí i."

Ọkọ kò bínú, inú rẹ̀ kò sì dùn. Nígbà tí wọ́n dé oríta, níbi tí ọ̀nà ilé ti yà sọ́tùn-ún, ó dúró, ó wo bàtà rẹ̀, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ṣé kí n kọ́kọ́ dé ilé lọ pààrọ̀ aṣọ?"

"Rárá o," ni aránṣọ wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Tí ẹ bá délé, ẹ ò ní jáde mọ́."