Álọ́ọ̀mù Nínú Adágún Mirdif

Ẹ̀gbọ́n Ṣàngódèyí kì í ṣe ẹni tí ń wá ìjàngbọ̀n. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà lábẹ́ tèmi nínú yàrá wa ní Muhaisnah, mo sì mọ bó ṣe máa ń mí kanlẹ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Adágún kékeré kan ló ń tọ́jú nínú ọgbà àwọn olówó ní Mirdif. Á kó ewé kúrò lójú omi, á bọ́ ẹja, á fọ ẹ̀rọ tó ń fa omi. Iṣẹ́ tí kò le ni, ṣùgbọ́n oòrùn Dubai kò mọ ìyẹn.

Ọdún kẹrin rèé tí kò délé. Ìrètíolúwa, ọmọ rẹ̀, kò tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà tó kúrò. Ní báyìí, bí Olúkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ bá gbé fóònù sí ọmọ náà létí, "Ẹ káàárọ̀ sà" ló ń kí bàbá rẹ̀, bí ẹni ń kí tíṣà, á sì sá lọ ṣeré. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn ún gan-an. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju leave rẹ̀ tó ń bọ̀ lọ.

Àfi bí òjò ńlá ṣe rọ̀, tí ẹrẹ̀ wọnú adágún, tí omi pọ́n bíi tíì tí àwọn ará Kerala, àwọn ará Íńdíà, ń tà. Shafeeq, súpáfáísọ̀ rẹ̀, ní kó tètè wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀gbọ́n wa kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní Mushin tí wọ́n bí i sí, omi kànga ni wọ́n ń lò, bó bá sì ti dọ̀tí, ìyá rẹ̀ á ju álọ́ọ̀mù sí i, òkúta funfun yẹn, ìdọ̀tí á sì sùn sísàlẹ̀. Ó wá álọ́ọ̀mù lọ sí ọjà Deira, ó ra odindi àpò, ó sì dà á sínú adágún pátá. Ta ní ń da odindi àpò sómi? Ọmọ Yorùbá tó fẹ́ kí ọ̀gá yin òun ni.

Wọ́n sì yìn ín. Omi mọ́ gaara, àwọn ayálégbé ń ya fọ́tò. Kò pẹ́ tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, ikùn wọn lókè. Omi ti kan bí omíkan ògì.

"Khalas!" ni Shafeeq wí, pé ó ti parí nìyẹn. "No fish, no leave."

Ni Ẹ̀gbọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká ru òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná, èyí tó ń pa kíkan omi, ó ń fọ́n ọn sómi nínú ooru. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi fi hàn pé kíkan rẹ̀ ti lọ. Ó pe ìyàwó, ó ní òun ń bọ̀. Wọ́n da ẹja tuntun sí i, ìyẹn náà kú. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i tó sunkún.

Obìnrin tó wá yẹ omi wò ṣàlàyé fún un pé ara omi ti yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n oró álọ́ọ̀mù ṣì wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ẹja ń jẹ kò sì tíì padà. Kó ní sùúrù. Títí dìgbà wo? Òun náà kò mọ̀. Inú bí mi ju bó ṣe bí Ẹ̀gbọ́n lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú.

Ooru lọ, atẹ́gùn tutù dé. Ẹ̀gbọ́n wọlé ní ìrọ̀lẹ́ kan, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Àbúrò, mo rí ìgbín omi lára òkúta. Kékeré báyìí! Nǹkan ẹlẹ́mìí ti ń padà síbẹ̀!"

Wọ́n da ẹja díẹ̀ sí i. Wọn ò kú. Shafeeq buwọ́ lu leave, ó ní, "Yalla, go see your baby."

Ẹ̀gbọ́n pe ilé lójú mi. Olúkẹ́mi hó yèè, ó gbé fóònù fún ọmọ.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà," ni Ìrètíolúwa wí. "Mọ́mì ní ẹ̀ ń bọ̀. Ọjọ́ mélòó lẹ máa lò kẹ́ ẹ tó padà?"

"Ọgbọ̀n ọjọ́, ọmọ mi."

"Ó dàbọ̀ sà."

Ẹ̀gbọ́n gbé fóònù kalẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Àbúrò," ló wí, "omi lásán o, ó gbà ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ kó tó bọ̀ sípò, ká má tíì sọ ti ọmọ."