Apá Mi Lára Ògiri Kíláàsì

Oòrùn ti mú láti àárọ̀ kùtùkùtù lọ́jọ́ náà. Atẹ́gùn kankan kò fẹ́ wá láti orí odò, bẹ́ẹ̀ ilé alájà púpọ̀ tí à ń gbé ní Barking Riverside, ní Lọ́ńdọ̀nù, kò jìnnà sódò rárá. Àwọn igi kéékèèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn sísàlẹ̀ dúró bí ẹni tí wọ́n ń bá wí. Mo ṣí fèrèsé, ooru ló wọlé. Mo wọ bùbá tí kò lápá, mo gbé ògì kaná. Kì í ṣe àárọ̀ tí ènìyàn ń wọ aṣọ òtútù, ṣùgbọ́n aṣọ òtútù náà ni ọmọ mi obìnrin gbé wá bá mi ní ilé ìdáná.

"Màmá, ẹ wọ eléyìí lé e."

"Nínú ooru yìí?"

"Ẹ ṣáà wọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí apá yín hàn títí ẹ ó fi dé sùkúù yẹn. Àwọn aládùúgbò ń wò. Wọn ò kúkú mọ ohun tó ń jẹ́ fínfín. Wọ́n á ní àrùn awọ ni."

"Apá tó ń ṣàrùn yìí náà ló gbé ọ lọ síbi abẹ́rẹ́ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́."

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀." Ó gbé báàgì iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde lọ.

Mo wọ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ ariwo lọ́jọ́ yẹn, nítorí pé mo ní ibi tí mo ń lọ.

Ọ̀rọ̀ náà lọ báyìí. Ọmọ ọmọ mi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ọmọ mi bí, ti ń kọ́ ìtàn ilẹ̀ Japan ní ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń lọ lápá Mayesbrook. Bó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sórí àga gíga ilé ìdáná, á máa kà á fún mi bí mo ṣe ń gé ẹ̀fọ́. Ìwé tí èmi kà kò ju pírámárì lọ, kò sì parí, ṣùgbọ́n ìtàn yìí yé mi. Ó ní àwọn jagunjagun ló ń ṣàkóso níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi idà méjì há ìbàdí, tí àgbẹ̀ ń gbin ìrẹsì fún wọn jẹ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ìlú mọ́ àlejò. Ìgbà tí ọkọ̀ ogun òyìnbó wá na ẹnu ìbọn sí wọn létí òkun, ojú wọn là. Wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn jagunjagun, wọ́n gbé e fún ọba kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Rélùwéè, wáyà, ilé iṣẹ́ òwú, sójà tó wọ ṣòkòtò òyìnbó. Ohun tí ìlú mìíràn fi ìran bíi mélòó kan ṣe, wọ́n fẹ́ ṣe é tán kí ọmọ tí ń rá tó gbé ìyàwó.

Ohunkóhun tó bá lè mú òyìnbó rẹ́rìn-ín wọn, wọ́n lé e dànù. Irun tí ọkùnrin dì sí àtàrí, gé e. Idà, gbé e sílẹ̀. Ìyàwó ilé tó kun eyín ní dúdú kí ó lè rẹwà, kí ó fọ̀ ọ́.

"Eyín dúdú, Grandma! Ó burú!" Ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga.

Níjọ́ tó ka ti fínfín ni mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní àwọn erékùṣù kan wà ní gúúsù Japan tí àwọn obìnrin wọn máa ń fín ọwọ́. Ẹni tí kò bá fín kò tíì di obìnrin, àwọn òkú ìdílé rẹ̀ kò sì ní mọ̀ ọ́n lọ́run. Ìjọba tuntun náà ní ohun ìtìjú ni. Wọ́n ṣòfin. Wọ́n ń mú àwọn obìnrin nítorí ọwọ́ tí wọ́n fín. Àwọn ọkọ kan lé ìyàwó wọn padà sílé baba. Àwọn obìnrin kan da ásíìdì sọ́wọ́ kí ó lè bó. Ọmọ náà kà á bí ẹni ń ka iye ọjà, ó wá gbé ojú sókè, ó rí ọwọ́ mi.

"Grandma! Bí tiyín yìí gan-an!"

Ó di apá mi mú. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ló wà lápá òsì mi, alángbá kan sì wà lápá ọ̀tún, tó na ìrù dé ọrùn ọwọ́. Ó ní olúkúlùkù wọn máa dúró sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, wọ́n á sì mú nǹkan wá tí wọ́n máa fi hàn. Òun á mú mi wá.

Ìyá rẹ̀ kọ̀. Ọmọ náà sunkún, ó jà, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà, títí ìyá fi gbà. Inú mi dùn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ yẹn ti bá mi jáde síbikíbi. Mo fẹ́ gbọ́ kí ó dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó sọ pé, ìyá tó bí ìyá mi nìyí. Ìyẹn nìkan ni mo ń wá lọ. Torí ìyẹn ni mo ṣe wọ aṣọ òtútù nínú oòrùn.

Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin òyìnbó kan jókòó níwájú mi, ejò àti òdòdó bo apá rẹ̀ méjèèjì látòkè délẹ̀. Ó ń fi ìwé pélébé fẹ́ ara rẹ̀. Èmi ń làágùn sínú aṣọ onírun àgùntàn.

Wọ́n fún mi ní àga lẹ́yìn kíláàsì. Ọmọ kan mú idà tí wọ́n fi pálí ṣe wá, òmíràn mú rélùwéè kékeré. Ó wá kan tèmi. Ọmọ ọmọ mi tẹ nǹkan, àwòrán ńlá méjì yọ lára ògiri. Èmi ló wà lápá òsì. Mo sùn sórí àga ní pálọ̀, ẹnu mi là sílẹ̀, apá mi rọ̀ dirodiro, alángbá yẹn sì tóbi tó ọmọdé. Mi ò mọ ìgbà tó yà á. Ìyá rẹ̀ ló wà lápá ọ̀tún, nínú kóòtù iṣẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì tó kọ sókè àwòrán náà kò le, mo lè kà á. Lórí tèmi, "Tẹ́lẹ̀." Lórí ti ìyá rẹ̀, "Nísinsìnyí."

Ó ní, "Bí Japan bá kọ̀ tí kò yí padà, báyìí ni wọn ì bá ṣe wà." Ó nawọ́ sí àwòrán tèmi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan hanrun. Òmíràn ní, "Jẹ́ ká rí i gidi!"

"Grandma, ẹ bọ́ aṣọ yẹn."

Mo bọ́ ọ. Òógùn ti mú bùbá lẹ̀ mọ́ mi lára. Wọ́n dìde kí wọ́n lè rí mi dáadáa.

"Ṣé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí ni?" ọmọbìnrin kan béèrè.

Ẹ̀rín ọmọ ọmọ mi ló kọ́kọ́ jáde, kí tàwọn yòókù tó tẹ̀ lé e.

"Ṣé ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́," ló dá wọn lóhùn.

Gbogbo ọdún tí mo fi ń tún ọ́fíìsì ṣe ní ìlú yìí, ta ni wọ́n rò pé mo ń bá sọ̀rọ̀? Ìgbálẹ̀? Mo ń dúró de gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo bá wá.

Ojú olùkọ́ wọn, ọkùnrin òyìnbó kan, ti pọ́n. Bóyá ó fẹ́ gbà mí sílẹ̀ ni, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Ẹja ńlá pupa kan ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Japan, ó ń wẹ̀ gun èjìká rẹ̀ lọ. Kíláàsì hó yè! Wọ́n yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ kàn án. Ó ní ó dun òun gan-an nígbà tí wọ́n ń fín in. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó dun èmi náà. Ní ìlú wa ní Èkìtì, ẹ̀yìn ilé ni obìnrin tó ń fín wa máa ń jókòó sí, abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kan, èédú lọ́wọ́ kejì. Kò gbọdọ̀ sí ẹkún. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa já ọwọ́ gbà láàárín, orí àti ọrùn alángbá nìkan ló bá a dé ilé ọkọ. Bó bá ti yọ lódò, orin ni: "Àbọ̀ alángbá dé o, ẹni tí abẹ ń lé, báwo ni yóò ṣe bímọ?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ títí ó fi lọ́mọ mẹ́ta. Àtijọ́ náà kò ṣàánú ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́ sọ pé ti ọmọ wa ló dára jù. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí èmi náà. Gbólóhùn tí mo ń retí kò jáde lẹ́nu ọmọ náà.

Ní ibùdókọ̀, ọmọ náà gbé pálí ńlá tó lẹ àwọn àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ fún mi kí n bá òun dì í mú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò sí ní kíláàsì wọn sáré dé, ó wò mí.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́mì mi."

Kò rẹ ohùn sílẹ̀. Bí mo bá na ọwọ́, mo lè kàn án léjìká. Ìgbà tí bọ́ọ̀sì dé, àwọn méjèèjì gun òkè lọ, èmi jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú pálí lórí itan.

Ọmọ mi ti dé kí a tó wọlé. Ó ń wo àwòrán náà lórí fóònù ọmọ rẹ̀. "Kóòtù yìí mà yẹ mí o! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Màmá."

Mo dúró kí ọmọ náà wọ yàrá rẹ̀ lọ. "Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ ni mí."

"Màmá, ọmọdé ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ìwọ ńkọ́? Ta ni mo jẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ?"

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó tún gbé e. "Mo sọ fún wọn pé ẹ wà ní Nàìjíríà. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní ẹ wà níbí, wọ́n á fẹ́ rí yín nígbà tí mo bá pè wọ́n wá jẹun."

Mo wá rántí ọjọ́ tí àwọn ènìyàn ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá jẹun, tó ní kí n lọ sinmi ní yàrá, tó gbé oúnjẹ wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti rò pé ó ń kẹ́ mi ni.

"Ó dáa," ni mo wí.

Ọlọ́pàá lè mú obìnrin kí ó sì tú u sílẹ̀. Mi ò rò pé ọlọ́pàá ló mú àwọn obìnrin erékùṣù yẹn fa ọwọ́ sínú aṣọ títí wọ́n fi kú. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi owó ara wọn rán ní sùkúù, tó padà wálé wá wo ọwọ́ ìyá wọn bí ohun ìtìjú, àwọn ni.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbà tí wọ́n ti lọ ibi iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́, mo di ẹrù mi sínú àpótí kan àti àpò kan. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Thames View, sọ́dọ̀ opó kan tí a jọ ń wọ aṣọ funfun ní ìjọ Aládùúrà. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé yàrá ẹ̀yìn òun ṣófo. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, àpótí ló kọ́kọ́ rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan? Ṣé ìjà ni?"

"Kò sí ìjà. Yàrá yẹn ni mo wá gbà."

"Títí di ìgbà wo?"

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbẹ́rù wọlé ná."

Mo gbé e wọlé. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí fèrèsé, mo ní kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà mo sọ̀kalẹ̀ lọ ra iṣu.